Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Olùkọ́ Kódù Ìṣègùn: Ẹ Gbé Odindi Fáìlì fún Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, àti ẹ̀yin olórí ẹ̀ka tí ń kọ́ni ní kódù àìsàn àti kódù iṣẹ́ abẹ (àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà tó dúró fún àìsàn àti ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan nínú ìwé owó) ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá lórí àwọn ọmọ. Àwa tí a kọ lẹ́tà yìí la máa ń yẹ iṣẹ́ àwọn akọ̀wé kódù wò nígbà tí wọ́n bá jáde lọ́wọ́ yín, kí ìwé owó tó lọ bá ilé-iṣẹ́ adójútòfò. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo la mú wá: ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa ka odindi fáìlì aláìsàn láti sáà ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ di ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ jáde.

Ìdánrawò tó wọ́pọ̀ ní kíláàsì kì í ju gbólóhùn kan lọ. “Aláìsàn ní àtọ̀gbẹ irú kejì.” Akẹ́kọ̀ọ́ ṣí Index, àkójọ orúkọ àìsàn inú ìwé kódù, ó rí E11.9, ó gba máàkì. Gbólóhùn náà ti bá a ṣe apá tó le jù nínú iṣẹ́ náà. Ó ti bá a yan àìsàn tó yẹ ní kíkọ, ó ti bá a sọ èyí tí kò yẹ nù, ó sì ti pe àìsàn náà ní orúkọ tí ìwé kódù ń pè é. Lójú fáìlì gidi, kò sí ẹni tí yóò bá a ṣe ìkankan nínú wọn.

Ẹ gbé irú fáìlì yìí síwájú wọn dípò rẹ̀. Nínú ìwé ìdásílẹ̀ (èyí tí dókítà ń kọ nígbà tí aláìsàn bá fẹ́ padà sílé), dókítà kọ pé aláìsàn ní àtọ̀gbẹ irú kejì, ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn kíndìnrín ọlọ́jọ́ pípẹ́ ní ìpele 3a, àti chronic systolic heart failure (ọkàn tó ti ń kùnà fún ìgbà pípẹ́). Lójú ewé mìíràn, nínú àkójọ òògùn tí aláìsàn ń lò nílé, insulin wà níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a fi gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tọ́ yóò kọ E11.9, I10, N18.31 àti I50.22. Bí a bá wò wọ́n níkọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ló wà nínú ìwé. Àpapọ̀ wọn ni kò tọ̀nà. Ohun tó yẹ kó kọ ni E11.22, I13.0, I50.22, N18.31 àti Z79.4.

Kí ló fà á? Ìlànà ICD-10-CM (ìwé kódù àìsàn tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà) gbà pé bí àwọn àìsàn kan bá jọ wà lára ẹnì kan, wọ́n tan mọ́ra, àyàfi bí dókítà bá kọ ọ́ pé ohun mìíràn ló fà á. Àtọ̀gbẹ àti àìsàn kíndìnrín ọlọ́jọ́ pípẹ́ wà lára wọn, ìdí nìyẹn tí E11.9, tó túmọ̀ sí àtọ̀gbẹ tí kò bí ìṣòro kankan, kò fi lè dúró mọ́. Bákan náà ni ẹ̀jẹ̀ ríru pẹ̀lú kíndìnrín, àti ẹ̀jẹ̀ ríru pẹ̀lú ọkàn. Ìgbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé, I13 la ń lọ, kì í ṣe I10, kì í ṣe I11, kì í ṣe I12. I13.0 ni ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti ń kùnà, tí kíndìnrín rẹ̀ sì wà ní ìpele 1 sí 4. Àkíyèsí tó wà lábẹ́ rẹ̀ nínú Tabular (apá ìwé kódù tó to àwọn kódù tẹ̀ léra pẹ̀lú àkíyèsí wọn) ló ń sọ fún wa pé kí a fi kódù irú heart failure náà àti kódù ìpele kíndìnrín tẹ̀ lé e. Àkíyèsí tó wà lábẹ́ E11.22 tún béèrè ìpele kíndìnrín kan náà. N18.31 kan ṣoṣo ló ń dá àwọn méjèèjì lóhùn, a kì í kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Insulin náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Z79.4 wà fún ẹni tó ń lo insulin fún ìgbà pípẹ́. Bó bá jẹ́ pé wọ́ọ̀dù nìkan ni wọ́n ti fún un, kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè wálẹ̀ fún ọjọ́ méjì tó fi wà níbẹ̀, a kì í kọ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kò lè mọ ìyàtọ̀ yìí bí kò bá fi àkójọ òògùn ilé wé àkójọ òògùn wọ́ọ̀dù. Fáìlì kan péré lèyí, ó sì ti kọ́ ọ ní ohun tí ogún gbólóhùn kò lè kọ́ ọ.

Lórí ìwé kódù fúnra rẹ̀, ohun tó ń kó àwọn tuntun sí wàhálà jù ni pé wọ́n ń dúró sí Index. Gbogbo yín lẹ ń sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ sí Tabular lẹ́yìn Index, a mọ̀. Wọ́n ń lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlà tí kódù wà nìkan ni wọ́n ń kà. Àṣẹ tó ń darí kódù kì í sábà wà lórí ìlà rẹ̀. Ó lè wà lórí kódù oníhóró mẹ́ta (tó ní lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́ta péré) tó ṣáájú rẹ̀, ó lè wà lórí ẹgbẹ́ kódù náà, ó lè wà níbẹ̀rẹ̀ orí ìwé pátápátá. Ẹ kọ́ wọn kí wọ́n máa kàwé lọ sókè: láti ìlà kódù sí oníhóró mẹ́ta, láti ibẹ̀ sí orí ẹgbẹ́, láti ibẹ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ orí ìwé. Ibẹ̀ ni wọn yóò ti bá Excludes1, tó ń sọ pé kódù méjèèjì kò gbọ́dọ̀ jọ wà pọ̀ fún ìṣòro kan náà, àti Excludes2, tó ń sọ pé àìsàn kejì kò sí nínú kódù yìí, ṣùgbọ́n ẹ lè kọ méjèèjì bí aláìsàn bá ní méjèèjì. Àwọn tó ka Excludes2 bí ẹni ka Excludes1 pọ̀, àìsàn tó yẹ kí wọ́n kọ a sì di èyí tí wọ́n fi sílẹ̀.

Hóró keje náà ń fẹ́ àfiyèsí. Fún ọrùn ọwọ́ ọ̀tún tó kán ní irú Colles, tí awọ kò là, S52.531A ni nígbà tí ìtọ́jú gan-an ṣì ń lọ. Bó bá padà wá kí wọ́n wò ó bí eegun ṣe ń jinná dáadáa, D ló gba ipò A. Ọ̀pọ̀ rò pé A túmọ̀ sí ìgbà àkọ́kọ́ tí aláìsàn tẹ ẹsẹ̀ sí ilé ìwòsàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí dókítà mìíràn bá gbà á lọ́sẹ̀ kejì láti ṣe iṣẹ́ abẹ fún eegun náà, A ṣì ni, nítorí ìtọ́jú ni iṣẹ́ abẹ yẹn. Bí kódù kò bá sì gùn tó kí hóró keje tó dé, X la fi ń dí àlàfo, bí W19.XXXA fún ẹni tó ṣubú láìsí àlàyé bó ṣe ṣubú. Ẹni tó bá gbàgbé X yóò rí ìwé owó rẹ̀ tí kọ̀ǹpútà dá padà kí ènìyàn kankan tó kà á.

Fáìlì odindi tún ni ọ̀nà kan ṣoṣo tí akẹ́kọ̀ọ́ fi lè mọ̀ pé ibi tí aláìsàn ti gba ìtọ́jú ń yí òfin padà. Dókítà kíníìkì kọ pé “chest pain, rule out MI” (ìrora àyà, kí a wò ó bóyá ìkọlù ọkàn ni), aláìsàn sì padà sílé rẹ̀. Ìrora àyà la ó kọ, R07.9. A kò gbọ́dọ̀ kọ àìsàn ọkàn tí wọ́n ṣì ń wá, nítorí kódù yẹn yóò bá ẹni náà lọ bí ẹni pé ó ní in ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá ẹnìkan dúró sí wọ́ọ̀dù, tí ìwé ìdásílẹ̀ sì ní “probable pneumonia”, ilé ìwòsàn yóò kọ J18.9 bí ẹni pé òtútù àyà náà ti dájú. Àyàfi àwọn díẹ̀ bíi HIV àti COVID-19, tó gbọ́dọ̀ dájú níbi gbogbo kí a tó kọ wọ́n. Apá kejì, apá kẹta àti apá kẹrin ìwé ìlànà ICD-10-CM ló ṣàlàyé èyí. A rí i pé àwọn tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa mọ apá kìn-ín-ní dunjú, àwọn mẹ́ta yòókù ni kò fi bẹ́ẹ̀ yé wọn. Bí gbólóhùn ìdánrawò kò bá sọ ibi tí aláìsàn wà, báwo ni yóò ṣe yé wọn?

Yíyan àìsàn àkọ́kọ́ fún ẹni tí wọ́n dá dúró náà ńkọ́? Ìlànà sọ pé àìsàn tí wọ́n fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ lẹ́yìn àyẹ̀wò, tó sì jẹ́ olórí ohun tó mú kí wọ́n dá a dúró. Ẹ kíyè sí “lẹ́yìn àyẹ̀wò”. Aláìsàn dé pẹ̀lú èémí tí kò délẹ̀, ìwé ìgbàwọlé ní ó jọ heart failure, ọjọ́ kejì ni fọ́tò CT fi ẹ̀jẹ̀ dídì hàn nínú ẹ̀dọ̀fóró. I26.99 ló máa ṣáájú, kì í ṣe ohun tí wọ́n rò lóru ọjọ́ tó dé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ka ìwé ìgbàwọlé nìkan yóò ṣi í, ẹni tó bá sì ka ìwé ìdásílẹ̀ nìkan kò ní lè dáhùn pé ṣé àìsàn náà ti wà lára rẹ̀ kó tó wọlé ni àbí wọ́ọ̀dù ló ti bá a. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kódù kọ̀ọ̀kan ni ilé ìwòsàn ti ń kọ Y (bẹ́ẹ̀ ni), N (bẹ́ẹ̀ kọ́), U (ìwé kò sọ ọ́) tàbí W (dókítà kò lè pinnu) láti dáhùn ìbéèrè yẹn, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè fi gbólóhùn kan kọ́ni ní i.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí iṣẹ́ abẹ, níbi tí ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù. Àkọlé ìwé iṣẹ́ abẹ kì í ṣe ohun tí à ń kọ ní kódù. Inú ìwé náà là ń kọ. Àwọn oníṣẹ́ abẹ sábà máa ń kọ ohun tí wọ́n pinnu láti ṣe sí òkè, wọ́n á sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an sínú ìpínrọ̀. Ẹ wo ìwé kan tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ “Laparoscopic cholecystectomy”, ìyẹn yíyọ òróǹro pẹ̀lú kámẹ́rà. Ìpínrọ̀ kẹta sọ pé àpá tó lẹ̀ mọ́ra pọ̀ jù nínú ikùn, oníṣẹ́ abẹ kò rí ojú ọ̀nà òróǹro dáadáa, ó yọ kámẹ́rà kúrò, ó la ikùn, ibẹ̀ ló sì ti yọ òróǹro jáde. Ẹni tó ka àkọlé yóò kọ 47562. Èyí tó tọ́ nínú CPT (ìwé kódù iṣẹ́ dókítà) ni 47600, ti ikùn lílà, kí a sì fi Z53.31 sí ìhà àìsàn láti fi hàn pé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà.

Bí aláìsàn yìí bá wà ní wọ́ọ̀dù, ilé ìwòsàn kò ní lo CPT, ICD-10-PCS (ìwé kódù iṣẹ́ abẹ fún àwọn tó wà ní wọ́ọ̀dù) ló máa lò, ìdáhùn rẹ̀ sì yàtọ̀. Kódù méjì ló máa wà níbẹ̀: 0FT40ZZ fún yíyọ òróǹro kúrò tán pẹ̀lú ikùn lílà, àti 0FJ44ZZ fún wíwo òróǹro pẹ̀lú kámẹ́rà kó tó di pé wọ́n yí ọ̀nà padà. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tú 0FT40ZZ palẹ̀ hóró kan lẹ́yìn òmíràn: 0 ni iṣẹ́ abẹ, F ni ẹ̀dọ̀ki, òróǹro àti àmọ́ (pancreas), T ni yíyọ ẹ̀yà ara kúrò tán, 4 ni òróǹro, 0 kejì ni lílà, Z àkọ́kọ́ ni pé wọn kò fi ohun èlò kankan sílẹ̀ nínú ara, Z ìkẹyìn ni pé kò sí àfikún àlàyé. Gbogbo kódù PCS ló jẹ́ hóró 7, a kì í lo lẹ́tà O àti I nínú rẹ̀ kí wọ́n má baà dà bí òdo àti ení.

Nínú PCS, orúkọ tí dókítà pe iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ló ń pinnu. Ìtumọ̀ tí PCS fún iṣẹ́ náà ló ń pinnu. Irú iṣẹ́ 31 ló wà ní apá iṣẹ́ abẹ, akẹ́kọ̀ọ́ sì gbọ́dọ̀ mọ ìtumọ̀ wọn ju kó mọ kódù lọ. Dókítà lè kọ “partial resection”, Excision la ó kọ, nítorí apá kan ẹ̀yà ara ló gé. Ìlànà sọ ọ́ kedere pé ojúṣe akọ̀wé kódù ni láti fi ọ̀rọ̀ dókítà wé ìtumọ̀ PCS, a kò retí pé kí dókítà máa fi èdè PCS kọ̀wé. Kò yẹ kí wọ́n máa fi ìyẹn dà á láàmú. Ṣùgbọ́n ẹ kìlọ̀ fún wọn nípa ẹ̀dọ̀fóró: apá òkè ẹ̀dọ̀fóró òsì ní hóró tirẹ̀ nínú tábìlì, nítorí náà bí wọ́n bá yọ apá yẹn tán, Resection ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀dọ̀fóró fúnra rẹ̀ ṣì kù. Lílà awọ àti rírán an padà kì í ní kódù lọ́tọ̀, wọ́n ti wà nínú iṣẹ́ náà.

CPT ní ìṣòro tirẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ ìṣirò. Aláìsàn wá sí yàrá ìtọ́jú pàjáwìrì pẹ̀lú ọgbẹ́ mẹ́ta tí wọ́n rán ní ìpele kan ṣoṣo, èyí tí CPT ń pè ní simple: sẹ̀ǹtímítà 3 ní apá, 4 ní ẹsẹ̀, 2 ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ kódù mẹ́ta, 12002 méjì àti 12011 kan. Apá àti ẹsẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà, bí wọ́n sì ṣe rán wọn kò yàtọ̀, nítorí náà a ó ro gígùn wọn pọ̀: 3 àti 4 jẹ́ 7, ó wà láàárín 2.6 sí 7.5, 12002 ẹyọ kan. Ojú wà nínú ẹgbẹ́ mìíràn, 12011 dúró lọ́tọ̀. Bí ìwé náà bá sọ pé ọgbẹ́ ẹsẹ̀ jìn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi rán ìpele abẹ́ awọ pẹ̀lú, ó ti di intermediate, kò ṣeé rò pọ̀ mọ́ ti apá mọ́. Bí dókítà kò bá kọ gígùn sílẹ̀ ńkọ́? Ẹ kọ́ wọn kí wọ́n bi í, kí wọ́n má méfò.

Gígé kókó ara náà, ibi tí owó tó tọ́ sí dókítà ti ń sọnù ni. Kì í ṣe ìwọ̀n kókó nìkan la fi ń yan kódù. Ìbú kókó níbi tó ti fẹ̀ jù la ó fi ro ara tó dára tí wọ́n gé mọ́ ọn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Kókó tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1.0, tí wọ́n gé 0.3 mọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, jẹ́ 1.6. Bó bá wà ní ẹ̀yìn, 11602 ni bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ, 11402 ni bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun méjì ló máa ń bàjẹ́ níbí. Àwọn kan ń mú ìwọ̀n látinú èsì ilé àyẹ̀wò, bẹ́ẹ̀ ẹran ara a máa sún kì lẹ́yìn gígé àti nínú formalin (omi tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹran ara fún àyẹ̀wò). Ìwọ̀n tí oníṣẹ́ abẹ wọ̀n kó tó gé e la ń lò. Àwọn mìíràn kò dúró de èsì yẹn rárá, wọ́n sì ń kọ jẹjẹrẹ nítorí pé dókítà ní ó jọ ọ́. Fún ìwọ̀n, ẹ wo ìwé iṣẹ́ abẹ. Fún irú kókó, ẹ dúró de ilé àyẹ̀wò. Ìwé méjì, ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, fáìlì kan.

Níbi jẹjẹrẹ, ẹ tún jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé “uncertain behavior” nínú tábìlì kì í ṣe àìdánilójú ti dókítà tàbí ti akọ̀wé kódù. Onímọ̀ àyẹ̀wò ẹran ara ló gbọ́dọ̀ sọ pé òun wò ó, kò sì ṣeé pinnu bóyá yóò di jẹjẹrẹ. Bí èsì kò bá tíì dé, “unspecified” (a kò tíì sọ irú rẹ̀) ni. Ẹni tó sì ti wo jẹjẹrẹ ọmú sàn pátápátá, tí ìtọ́jú rẹ̀ ti parí, Z85.3 ló ní, kì í ṣe C50. Àṣìṣe yìí burú nítorí pé ó ń kọ àìsàn tí ẹni náà kò ní mọ́ sí orúkọ rẹ̀.

Modifier 59, àmì tí a ń fi sẹ́yìn kódù láti fi hàn pé iṣẹ́ náà dúró lọ́tọ̀, yẹ ní ìkẹ́kọ̀ọ́ lọ́tọ̀. Nínú ìfun ńlá, dókítà fi okùn yọ polyp (ẹran tó hù) kan, ó sì bu díẹ̀ nínú òmíràn fún àyẹ̀wò: 45385, àti 45380 pẹ̀lú 59, nítorí ibi méjì ni. Bó bá jẹ́ polyp kan náà ló bu tó sì tún fi okùn yọ, 45385 nìkan. 45378 ti wíwò lásán kò ní í yọjú rárá. Ìlànà NCCI (ti ìjọba Amẹ́ríkà lórí àwọn kódù tí kò yẹ kí a jọ kọ) ti so àwọn kódù wọ̀nyí pọ̀, kọ̀ǹpútà á sì dá èkejì padà. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé akọ̀wé tuntun tètè ń mọ̀ pé 59 ń ṣí ilẹ̀kùn, ó sì ń fi í sí gbogbo ohun tí wọ́n bá dá padà. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ òfin ní kíláàsì yín pé ẹni tó bá kọ 59 gbọ́dọ̀ fa ìlà abẹ́ gbólóhùn tó fi hàn pé ibi méjì tàbí ìgbà méjì ni. Bí kò bá rí gbólóhùn náà, kó yọ 59. Àti pé bó bá jẹ́ àyẹ̀wò ìdènà ló gbé aláìsàn wá, Z12.11 ló ṣáájú, polyp tí wọ́n rí á tẹ̀ lé e.

Ohun kan wà tí a kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí nínú ẹ̀kọ́ kankan, bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ni iṣẹ́ ń béèrè rẹ̀: bí a ṣe ń kọ ìbéèrè sí dókítà. Ìwé àyẹ̀wò ní potassium 2.9, wọ́n sì fún aláìsàn ní potassium gba inú iṣan. Akọ̀wé kódù kò gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ kọ E87.6, kódù hypokalemia (potassium tó lọ sílẹ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀). Nọ́ńbà àyẹ̀wò kì í ṣe àìsàn títí dókítà yóò fi sọ ọ́. Ìbéèrè tí kò dára ni: “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ hypokalemia.” Èyí tó dára á kọ́kọ́ to ẹ̀rí sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ wọn, nọ́ńbà àyẹ̀wò náà àti òògùn tí wọ́n fún un, á wá béèrè pé àìsàn wo ni wọ́n ń fi potassium náà tọ́jú, á fi hypokalemia àti ìdáhùn mìíràn tó bá ẹ̀rí mu síbẹ̀, á fi àyè sílẹ̀ fún “òmíràn” àti “kò ṣeé sọ”. Kò gbọ́dọ̀ mẹ́nu ba owó. Bí dókítà bá sì kọ “urosepsis”, kò sí kódù fún un. Ó lè jẹ́ àkóràn ọ̀nà ìtọ̀, N39.0; ó lè jẹ́ sepsis (àkóràn tó ti ń ba gbogbo ara jẹ́), A41.9. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì tóbi fún aláìsàn àti fún owó, dókítà nìkan ló lè sọ ọ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó jáde, kó ti kọ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ títí yóò fi mọ́ ọn lọ́wọ́, kí olùkọ́ sì dá a padà fún un bó bá tì dókítà síbì kan.

Ẹ lè ní níbo lẹ ó ti rí fáìlì. Òfin HIPAA, tó ń dáàbò bo àṣírí aláìsàn ní Amẹ́ríkà, fàyè gba fáìlì gidi bí wọ́n bá ti yọ irú àmì ìdánimọ̀ 18 kúrò. Ọjọ́ wà lára wọn, ọdún nìkan ló lè kù, ó sì máa ń ba fáìlì jẹ́ fún ẹ̀kọ́ kódù bí wọ́n bá kàn pa ọjọ́ rẹ́. Ẹ fi “ọjọ́ 1”, “ọjọ́ 2” rọ́pò wọn kí akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ ohun tó ṣáájú. Bí èyí bá ṣòro, ẹ jókòó pẹ̀lú nọ́ọ̀sì kan àti dókítà kan kí ẹ kọ fáìlì àfọwọ́ṣe. Ẹ má jẹ́ kó mọ́ jù. Ẹ jẹ́ kí ìwé nọ́ọ̀sì tako ìwé dókítà níbì kan, ẹ jẹ́ kí dókítà méjì pe àìsàn kan ní orúkọ méjì, ẹ jẹ́ kí àìsàn àtijọ́ tí kò kan ìtọ́jú yìí wà nínú rẹ̀, kí wọ́n kọ́ láti fi í sílẹ̀. Ojú ewé mẹ́fà ti tó fún fáìlì àkọ́kọ́, ti kíníìkì. Lẹ́yìn náà ni ti yàrá pàjáwìrì, lẹ́yìn náà ni ti iṣẹ́ abẹ ọjọ́ kan, kí ti wọ́ọ̀dù gbẹ̀yìn.

Nínú àwọn fáìlì wọ́ọ̀dù, ẹ fi ọ̀kan sí i tí aláìsàn wọlé ní 28 September tó sì lọ ní 3 October. Kódù àìsàn tuntun ń bẹ̀rẹ̀ ní 1 October lọ́dọọdún, ọjọ́ ìdásílẹ̀ ló sì ń pinnu ìwé tí a ó lò, kì í ṣe ọjọ́ ìwọlé. CPT ní tirẹ̀ ń yí padà ní 1 January. Ìdí nìyẹn tí ìwé ọdún tó kọjá kò fi lè tó fún kíláàsì. N18.3 kan ṣoṣo ló wà tẹ́lẹ̀, ní October 2020 ló pín sí N18.30, N18.31 àti N18.32, ẹni tó ń lo ìwé tó ṣáájú ìgbà yẹn yóò kọ kódù tí kò sí mọ́.

A kò gbàgbé ìdánwò. Ìbéèrè 100 ni ìdánwò CPC (ìwé ẹ̀rí akọ̀wé kódù) ti AAPC, ẹgbẹ́ àwọn akọ̀wé kódù ní Amẹ́ríkà, wákàtí 4, ìwé ní ṣíṣí: kò tó ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ fún ìbéèrè kan. Ó yẹ kí wọ́n yá lọ́wọ́, a gbà. Ẹ ya oṣù tó kẹ́yìn sọ́tọ̀ fún ìyẹn. Yíyára ń wá kíákíá fún ẹni tó ti mọ̀wé kà. A kò tíì rí ibi tí mímọ fáìlì kà ti ń tinú yíyára wá. Ẹ sì jọ̀wọ́, kí ètò kọ̀ǹpútà tó ń wá kódù dúró títí wọn yóò fi mọ ìwé lò. Ètò náà á béèrè ìbéèrè lọ́wọ́ wọn, á sì tẹ̀ lé ìdáhùn wọn; bí ìdáhùn bá ṣì, kò ní sọ fún wọn.

Fún máàkì, ìmọ̀ràn wa ni pé kí kódù tó tọ́ gba ìdajì péré. Ìdajì tó kù, ẹ fún ẹ̀rí: ojú ewé àti ìlà tí ó ti rí àìsàn náà nínú fáìlì, àkíyèsí Tabular tó tẹ̀ lé, àti nọ́ńbà ìlànà tó gbé e dúró. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ kódù tó ṣì pẹ̀lú ẹ̀rí tó hàn, ẹ lè rí ibi tó ti yà kúrò lọ́nà, ẹ ó sì tún un ṣe. Èyí tó kọ kódù tó tọ́ láìní ẹ̀rí, a kò lè mọ̀ bóyá ó mọ̀ ọ́n ni àbí ó bọ́ sí i lọ́wọ́ lásán.

Tiyín ní òtítọ́,
Àwa akọ̀wé kódù àti ayẹ̀wé-kódù-wò